Ìkóra-Ẹni-Níjàánu Nínú Ẹ̀kọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọmọ Girama Tí Ń Kàwé Lórí Ẹ̀rọ Ayélujára

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá fún yín ní oṣù yìí kan gbogbo ilé tí ọmọ girama bá wà. Láti ọdún 2020 ni àwọn òbí ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè kan: kí ni ó fà á tí ọmọ méjì tí ọjọ́ orí wọn bá ara mu, tí wọ́n ní irú fóònù kan náà, tí olùkọ́ kan náà sì ń fi ẹ̀kọ́ kan náà ránṣẹ́ sí, yóò fi jókòó sí ìdánwò, tí ọ̀kan yóò yege, tí èkejì kò sì ní lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta? Àwọn kan a máa wí pé orí ọ̀kan pé ju ti èkejì lọ, ọ̀rọ̀ sì parí. A kò sẹ́ pé ẹ̀bùn yàtọ̀ sí ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ, ohun náà sì ṣeé fi kọ́ ọmọ. Òun ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lè jẹ́ olórí fún ara rẹ̀ nígbàtí olùkọ́ kò sí lójú: kí ó mọ ohun tí ó ń wá, kí ó máa ṣọ́ bí òun ti ń rìn, kí ó sì lè dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́ láìtan ara rẹ̀ jẹ.

Nínú ilé ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ ohun ni ó ń gbé ọmọ lọ láìjẹ́ pé ọmọ náà mọ̀. Agogo dún, ó dìde. Agogo dún, ó jókòó. Olùkọ́ wo ojú rẹ̀, ó rí i pé ohun tí òun wí kò yé e, ó sì tún un wí ní ọ̀nà mìíràn. Bí ó bá ń tòògbé, ẹni tí ó jókòó tì í yóò fi ìgbúnwọ́ gún un. Fóònù kò lè ṣe èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí. Kò mọ̀ bóyá ẹni tí ó gbé òun lọ́wọ́ ń kàwé tàbí ó ń ronú nípa oúnjẹ. Ẹnu ọ̀nà kan náà tí ẹ̀kọ́ Báyọ́lọ́jì gbà wọlé ni eré bọ́ọ̀lù àti ẹ̀fẹ̀ àwọn ọ̀rẹ́ ń gbà wọlé pẹ̀lú, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni a sì fi ṣe adènà.

Kí a má ṣe rò pé ohun titun pátápátá ni kí ènìyàn máa kàwé láìrí olùkọ́. Ní ọdún 1840, nígbàtí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú owó ìfìwéránṣẹ́ wá sílẹ̀ di pẹ́nì kan, Isaac Pitman bẹ̀rẹ̀ sí fi ìwé kọ́ àwọn ènìyàn ní irú ìkọ̀wé tí àwọn akọ̀wé fi ń yára gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Wọn a kọ iṣẹ́ wọn ránṣẹ́, òun a sì tún un ṣe, a dá a padà. Ní ọdún 1858 Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ṣí ìdánwò rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí kò jókòó nínú iyàrá ẹ̀kọ́ rẹ̀ rí. Ẹnu ọ̀nà yìí ni àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé ilẹ̀ wa gbà wọlé ní ayé àwọn baba wa. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹni tí baba rẹ̀ kú nígbàtí òun wà ní ọmọdé, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ bí ó ti ń kàwé, gba oyè ìmọ̀ òwò ti Yunifásítì náà ní ọdún 1944, kí ó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ òfin. Ní ìgbà náà ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé ìwé lọ tí ó sì ń gbé e bọ̀. Ẹni tí ó bá ṣì ìṣirò kan ṣe yóò dúró pẹ́ kí àtúnṣe tó dé ọwọ́ rẹ̀. Nítorínáà ó di dandan fún un láti máa yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò. Ọmọ òde òní ń rí èsì ní ìṣẹ́jú kan, ó sì rọrùn fún un láti gbàgbé pé iṣẹ́ àyẹ̀wò náà kò kúrò lọ́rùn òun.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, lẹ́yìn tí àrùn Kòrónà ti wọ ilẹ̀ wa, a ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ káàkiri Nàìjíríà. Oṣù Kẹjọ ni àwọn kíláàsì tí ó ń múra ìdánwò àṣejáde padà, ìdánwò WAEC sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù náà. Láàrin ìgbà yìí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ gbé ẹ̀kọ́ sí orí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ó ní agbára lo Zoom, èyí tí ó pọ̀ sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Oṣù márùn-ún ni ọmọ fi wà lábẹ́ ìjánu ara rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ti kọ́ ọ bí a ti ń di ìjánu náà mú.

Ohun tí a rí nílé wa, àwọn ará Amẹ́ríkà ti fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n ṣáájú wa. Ilé ẹ̀kọ́ girama orí ayélujára ti ìpínlẹ̀ Florida ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1997, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ sì tẹ̀lé e. Ní ọdún 2015 àwọn olùwádìí Yunifásítì Stanford wo irú àwọn ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ tí owó ìlú ń gbọ́, ní ìpínlẹ̀ 17 àti ní Washington olú ìlú wọn, wọ́n sì fi àwọn ọmọ ibẹ̀ wé àwọn ẹgbẹ́ wọn tí ó jọ wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́. Ní ọdún kan, ohun tí àwọn ọmọ orí ayélujára fi rẹ̀yìn nínú ìwé kíkà tó ẹ̀kọ́ ọjọ́ 72. Nínú ìṣirò ó tó ẹ̀kọ́ ọjọ́ 180. Ọjọ́ 180 yìí gan-an ni wọ́n kà sí ọdún ẹ̀kọ́ kan! A kò wí pé àìkóra-ẹni-níjàánu nìkan ni ó fà á, nítorí olùkọ́ kan a máa ní ọmọ púpọ̀ lọ́rùn ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà, àkókò tí òun àti wọn ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ sì kéré. Ṣùgbọ́n níbi tí olùkọ́ bá ti jìnnà, ẹrù tí ó bọ́ lórí olùkọ́, orí ọmọ ni ó ń bọ́ sí.

Báwo ni a ti mọ̀ pé kíkó ara ẹni níjàánu ní ipa lórí èsì ìdánwò? Ìwádìí kan tí ó lókìkí láàrin àwọn olùkọ́ ni ti Barry Zimmerman àti Manuel Martinez-Pons ní ọdún 1986. Wọ́n mú ọmọ girama 80: ogójì láti inú kíláàsì àwọn tí ń ṣe dáradára, ogójì láti inú àwọn kíláàsì yòókù. Wọn kò fún wọn ní ìdánwò. Wọ́n kàn bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe nínú kíláàsì, nílé, nígbàtí wọ́n bá ń kọ àròkọ, nígbàtí wọ́n bá ń ṣe ìṣirò, nígbàtí ìdánwò bá ń bọ̀, àti nígbàtí ó bá rẹ̀ wọ́n láti kàwé. Wọ́n wá ka irú ọgbọ́n 14 nínú ìdáhùn wọn: kí ènìyàn gbé ète kalẹ̀, kí ó tún ibi ìjókòó rẹ̀ ṣe, kí ó kọ àkọsílẹ̀ bí iṣẹ́ ti ń lọ, kí ó tọ olùkọ́ tàbí ọ̀rẹ́ lọ fún ìrànwọ́, kí ó ṣe ìlérí ẹ̀bùn kékeré fún ara rẹ̀ bí iṣẹ́ bá parí, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nípa ìdáhùn wọ̀nyí nìkan, a lè wí irú kíláàsì tí ọmọ ti wá, a ó sì jàre nínú 93 ninú ọgọ́rùn-ún. Ẹ kíyèsí i pé kò sí ọ̀kan nínú ọgbọ́n wọ̀nyí tí a bí mọ́ ọmọ. Ìṣe ni gbogbo wọn.

Ti àwọn tí ń kàwé lórí ayélujára ńkọ́? Ní ọdún 2015 Broadbent àti Poon ní ilẹ̀ Ọsirélíà kó ìwádìí 12 jọ lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ń kàwé báyìí. Ṣíṣètò àkókò, ṣíṣọ́ ìmọ̀ ara ẹni, àti àìjọ̀wọ́ iṣẹ́ nígbàtí ó bá le, ni ó bá èsì rere rìn. Ṣùgbọ́n kí a wí òtítọ́: ìbárìn náà kò lágbára púpọ̀. Ẹni tí ó bá ta á fún yín bí oògùn tí í mú ọmọ yege láìsí àní-àní, ẹ má ṣe rà á.

Zimmerman fi kọ́ni lẹ́yìn náà pé iṣẹ́ yìí ní apá mẹ́ta: ohun tí a ń ṣe kí a tó kàwé, ohun tí a ń ṣe bí a ti ń kà á lọ́wọ́, àti ohun tí a ń ṣe nígbàtí a bá pa ìwé dé, ẹ̀kẹta náà ni ó sì ń bí èkínní ti ọjọ́ kejì. Kí ọ̀rọ̀ náà má bàa wà ní ojú òfuurufú, ẹ jẹ́ kí a mú ọmọbìnrin kan tí ó wà ní ọdún karùn-ún girama, tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lálẹ́ yìí jẹ́ bí omi ti ń gba inú awọ tẹ́ẹ́rẹ́ àwọn ẹ̀yà ara ohun alààyè kọjá, èyí tí ìwé ń pè ní osmosis.

Bí ó bá wí pé, “Èmi yóò ka Báyọ́lọ́jì lálẹ́ yìí,” kò tíì wí nǹkan kan. Nígbà wo ni yóò mọ̀ pé òun ti kà á tán? Ṣùgbọ́n bí ó bá wí pé, “Kí n tó sùn, èmi yóò lè ṣàlàyé láìwo ìwé ìdí rẹ̀ tí omi fi ń pọ̀ sí i nínú ihò tí a gbẹ́ sínú ègé iṣu, bí a bá bu ṣúgà sínú ihò náà tí a sì gbé iṣu náà ka inú omi,” a ti ní ìwọ̀n tí a ó fi wọ̀n ọ́n. Kí ó tún so àkókò mọ́ iṣẹ́ kan tí ó dá a lójú: “Bí mo bá ti fọ àwo oúnjẹ alẹ́ tán, ni mo bẹ̀rẹ̀.” Kí ó gba ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ sínú fóònù lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì pa dátà. Owó dátà pẹ̀lú yóò dín kù, èyí tí yóò dùn mọ́ baba rẹ̀ nínú.

Bí ó ti ń wò ó lọ́wọ́, kí ó má ṣe jẹ́ kí fídíò náà ṣàn kọjá lórí rẹ̀ bí omi lórí àpáta. Kí ó dá a dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó sì kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀ láti inú orí ara rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣubú, kì í sì í ṣe nítorí ọ̀lẹ. Wọ́n ń ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ojú wọn mọ ọ̀rọ̀ náà dáradára, wọ́n sì rò pé ọkàn wọn mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2006 Roediger àti Karpicke ní ìlú St. Louis dán èyí wò lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Àwọn kan ka ẹsẹ ìwé kan ní ìgbà mẹ́rin. Àwọn mìíràn kà á ní ìgbà kan ṣoṣo, wọ́n sì pa á dé, wọ́n gbìyànjú ní ìgbà mẹ́ta láti kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tí ó ń kà á lákàtúnkà ni ó borí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n rántí nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tí ó pa ìwé dé sì rántí 61. Àwa tí a ti ń pèsè àwọn tí Bíṣọ́ọ̀bù yóò gbé ọwọ́ lé kò lè ya ẹnu sí èyí. Ẹni tí ó ń ka Kátíkísímù pẹ̀lú ìwé ní ṣíṣí a máa dán bí ọ̀mọ̀wé ní ọjọ́ Ẹtì, a sì máa wo àjà ilé ní ọjọ́ Àìkú. Ẹni tí ó ń kóloló pẹ̀lú ìwé ní pípadé ni yóò dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin wa. Ó pa ìwé dé, ó ṣàlàyé pé omi ń kúrò níbi tí ṣúgà kò sí lọ sí ibi tí ṣúgà ti pọ̀, nípasẹ̀ awọ tí í jẹ́ kí omi kọjá ṣùgbọ́n tí í dá ṣúgà dúró. Ó dára. Ìyá rẹ̀ àgbà, tí kò mọ ìwé ṣùgbọ́n tí ó mọ iṣu, bi í pé, “Bí a bá sè iṣu náà ńkọ́?” Ọmọ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni èrè gbogbo alẹ́ náà, bí ó bá mọ ohun tí yóò fi í ṣe. Yóò tún ìwé ṣí, yóò rí i pé sísè ti pa awọ àwọn ẹ̀yà náà, wọn kò sì lè ya omi sọ́tọ̀ kúrò lára ṣúgà mọ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí olùkọ́ fi ń gbé iṣu sísè sí ẹ̀gbẹ́ iṣu tútù nínú àyẹ̀wò yìí. Ohun tí ó kọjá lójú rẹ̀ nínú fídíò láìfi àmì sílẹ̀ ti wá di tirẹ̀.

Kí ó tó sùn, kí ó kọ ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú ìwé kékeré kan: ohun tí ó fẹ́ ṣe, ohun tí ó ṣe, ibi tí ó ti kọsẹ̀, àti ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ lórí ìdí yìí ṣe pàtàkì púpọ̀. Ọmọ tí ó bá kọ ọ́ pé, “Olódo ni mí,” ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, nítorí kí ni yóò ṣe sí i lọ́la? Ọmọ tí ó bá kọ ọ́ pé, “N kò dá fídíò dúró nígbàtí ó sọ ti iṣu sísè,” mọ ohun tí yóò ṣe. A gbọ́dọ̀ kọ́ àwọn ọmọ láti máa fi ẹ̀bi sí ibi tí àtúnṣe wà. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí ó tún bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan náà.

Àwọn kan a máa rò pé ẹni tí ó ń ṣàkóso ara rẹ̀ ni ẹni tí kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òdì ni ọ̀rọ̀ náà. Nínú ìwádìí ọdún 1986 tí a mẹ́nu bà, bíbéèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́, lọ́wọ́ olùkọ́, àti lọ́wọ́ àgbàlagbà wà nínú ọgbọ́n tí a kà, àwọn ọmọ tí ń ṣe dáradára ni ó sì ń lò wọ́n jù. Ẹni tí ó bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ewu orí ayélujára ni pé ọmọ lè fi ara pamọ́ sí àárín ọgọ́rùn-ún ènìyàn nínú ẹgbẹ́ WhatsApp, kí olùkọ́ má sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kí olùkọ́ ṣe é ní òfin pé olúkúlùkù yóò fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ lọ́sẹ̀. “Kò yé mi” kì í sì í ṣe ìbéèrè; “Èmi mọ̀ títí dé ibi báyìí, ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó rú mi lójú” ni ìbéèrè.

Ẹ̀yin òbí, ó ku ti yín. Baba mìíràn a jókòó ti ọmọ bí ọlọ́pàá. Ìyá mìíràn a já fóònù gbà, a sì tì í mọ́ inú àpótí. A mọ ohun tí ó ń bà yín lẹ́rù, a kò sì fi yín ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ìṣọ́ tí ẹlòmíràn ń ṣọ́ni máa ń parí ní ọjọ́ tí olùṣọ́ bá rìnrìn àjò. Bí a ti ń kọ́ ọmọ ní ìrìn ni kí a ṣe é: ọwọ́ méjèèjì ni a kọ́kọ́ dì mú, lẹ́yìn náà ọ̀kan, lẹ́yìn náà ìka kan. Ní oṣù kìn-ín-ní ẹ bá a ṣe ètò alẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kejì kí òun ṣe é, kí ẹ̀yin wò ó. Ní oṣù kẹta ẹ kàn bi í léèrè ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ má sì bi í pé, “Ṣé o ti kàwé?” nítorí “Bẹ́ẹ̀ ni, mà” kò ná an ní kọ́bọ̀. Ẹ bi í pé: “Kí ni o lè ṣe lónìí tí o kò lè ṣe lánàá? Wí i fún mi kí n gbọ́.” Kò di ìgbà tí ẹ bá mọ Báyọ́lọ́jì. Ìyá àgbà tí ó ti fi iyọ̀ pa ẹja, tí ó sì rí bí ẹja náà ti ń ṣomi, ní ohun tí yóò fi bá ọmọ náà jiyàn lórí osmosis.

A kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ ìjánu bo ọ̀rọ̀ àìní mọ́lẹ̀. Ọmọ tí ó jẹ́ pé fóònù kan ni òun àti àwọn àbúrò mẹ́ta jọ ń lò, tí iná mànàmáná kò sì sí láti àná, ètò rẹ̀ lè dára bí ti ọba, kí ó má sì ṣeé ṣe. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ó tọ́ kí olùkọ́ kọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí ìwé, kí a sì fi jíṣẹ́ nílé wọn, kí a má sì pè é ní ọ̀lẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ ọwọ́ ti ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ti iṣu ṣeé ṣe ní ilé ìdáná: ègé iṣu tútù kan, ègé sísè kan, ṣúgà ṣíbí kan, àwo omi méjì, àti ìwọ̀n wákàtí díẹ̀. Ṣùgbọ́n WAEC yóò bi ọmọ náà ní iṣẹ́ ọwọ́ Kẹ́mísírì pẹ̀lú, níbi tí yóò ti máa kán omi kíkan sínú igo ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi yí padà. Fún ìyẹn, yàrá àyẹ̀wò ni kí a ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún un, kí olùkọ́ sì dúró tì í.